Àtúnṣe: Ìwé àṣẹ kẹ́mísìtì kì í sọ ènìyàn di apòògùn

Ọ̀rọ̀ kan ń tàn kálẹ̀ pé ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, tó sì gba ìwé àṣẹ láti máa ta oògùn, ti di apòògùn (pharmacist), pé kò nílò yunifásítì mọ́. Irọ́ ni. Ní Nàìjíríà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ apòògùn gbọ́dọ̀ kàwé gboyè ní yunifásítì tí Pharmacy Council of Nigeria, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàmójútó iṣẹ́ apòògùn, fọwọ́ sí, fún ọdún 5 tó bá jẹ́ B.Pharm, tàbí ọdún 6 tó bá jẹ́ Pharm.D, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọdún 1 ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó, tí yóò sì yege nínú ìdánwò ìgbìmọ̀ náà.

Òótọ́ ni pé ìgbìmọ̀ yìí kan náà ló ń fún àwọn oníkẹ́mísìtì níwèé àṣẹ, bóyá ibẹ̀ sì ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tiwọn kò kọjá títa àwọn oògùn tí kò nílò ìwé dókítà, nínú páálí tí ilé iṣẹ́ kó o sí. Ó ń dùn mí nígbà tí ọmọ tó lọ́pọlọ bá tìtorí irọ́ yìí pa ìdánwò JAMB tì, nígbà tí ó tó ẹni tí ó lè jókòó fún bàọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì.