Ọmọ Póòpù Kọ́ Ló Wà Lára Ògiri Yín

Oníbàárà mi kan gbé àwòrán Jésù wá sí ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé gíláàsì rẹ̀ ló fọ́. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ Borgia yìí dànù, kí ẹ fi fọ́tò ìgbéyàwó wa síbẹ̀."

WhatsApp ló ti kà á: pé Cesare Borgia, ọmọ Póòpù Alexander Kẹfà, ni Jésù onírun gígùn tó wà ní páálọ̀ gbogbo wa, pé bàbá rẹ̀ ló ní kí Leonardo da Vinci yà á kí ayé lè máa bọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Pásítọ̀ ń sọ ọ́, ẹni tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì náà ń sọ ọ́.

Èyí tó gbé wá, òun náà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo ń kan férémù sí, ará Chicago kan tó ń jẹ́ Warner Sallman ló yà á. Ní 1924, ó fi èédú yà á fún iwájú ìwé ìròyìn ìjọ rẹ̀. Ní 1940, ó wá fi ọ̀dà yà á. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n ń pín kékeré rẹ̀ tó ń wọ àpò fáwọn sójà Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà rẹ̀ ti lé ní 500 mílíọ̀nù. Orúkọ Sallman wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tí ẹ ò bá rí i lára tiyín, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àwa tó ń kan férémù la gé e dànù.

Wọ́n á tún ní Borgia ni Sallman wò yà á. Ọdún 1475 ni wọ́n bí Borgia. Ní ilé àwọn mọ́ńkì St. Catherine, lẹ́sẹ̀ òkè Sínáì ní Íjíbítì, àwòrán Jésù kan wà tí wọ́n fi ìda aláwọ̀ yà sórí pákó láàárín 500 sí 600: irùngbọ̀n, irun gígùn tó bọ́ sí èjìká kan. Ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi á pe orúkọ rẹ̀ fún yín. Kí ọdún 700 tó pé, Ọba Justinian Kejì ní Constantinople ti tẹ ojú Jésù onírùngbọ̀n sára owó wúrà. Owó o, ohun tó ń ti ọwọ́ dé ọwọ́! Ní Róòmù fúnra rẹ̀, nínú ibojì abẹ́ ilẹ̀ Commodilla, Jésù onírùngbọ̀n wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 400. Ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé kí ìyá Borgia tó lóyún rẹ̀.

Leonardo bá Borgia ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ní 1502, máàpù ìlú àti odi ló sì ń bá a wò. Oúnjẹ Alẹ́ Ìkẹyìn, àwòrán Jésù àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tó yà sí Milan, ti parí ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ní Borgia àti Jésù inú àwòrán jọra. Ẹ̀gbọ́n mi tó dá irùngbọ̀n sí náà jọ ọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ayàwòrán kan ní Ítálì ti fi ojú olówó rẹ̀ ya Jésù rí, mi ò ní jiyàn ìyẹn. Ìwé Ìhìn Rere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò sì sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Tí ẹ bá ní Júù ará Gálílì kò lè funfun tó bẹ́ẹ̀, mo gbà. Tó bá jẹ́ òfin ère gbígbẹ́ ló ń bà yín lẹ́rù, ẹ gbé e wá, màá yọ ọ́, iye kan náà ni. Ẹ kàn má fi Borgia kẹ́wọ́.