Ẹ̀rọ ló sọ mẹ̀kúnnù di òtòṣì? Ẹ wá wo ẹbu gààrí

Wọ́n tún ti gbé e dé lórí rédíò ní Àkúrẹ́: ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ tán, òun ló sọ mẹ̀kúnnù di òtòṣì. Ó sú mi. Àwọn tó ń ka iye ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé fún wa, iná mànàmáná ni kí wọ́n lọ bi.

Ẹ̀rọ kì í sábà gba odidi iṣẹ́, apá kan ló máa ń gbà. Nínú ẹbu gààrí, a ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, yóò kan, a ó fún omi rẹ̀, a ó jọ̀ ọ́, a ó wá yan án. Rírin ni ẹ̀rọ gbà pátápátá: páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára, tí wọ́n kàn mọ́ igi róbótó, tí ẹ́ńjìnì ń yí. Jáàkì lè fún omi, àmọ́ kò lè mú kí ẹ̀gẹ́ tètè kan. Bí rírin ṣe yá ni ẹ̀gẹ́ tó ń wọ ẹbu ń pọ̀ sí i, ọwọ́ tí wọ́n ń wá sídìí ọ̀bẹ àti agbada náà sì ń pọ̀. 100 kílò ẹ̀gẹ́ kì í ju 20 sí 25 kílò gààrí lọ, ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo rẹ̀ sì gbà kọjá.

Omi ẹ̀gẹ́ a máa jẹ páànù. Tí ojú ihò bá ti kú, kókó ló máa kù lórí asẹ́, wẹ́dà ni wọ́n á sì sáré pè. Ta ló ní iṣẹ́ wẹ́dà yìí kí ẹ̀rọ tó dé?

Báńkì náà rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, láàárín 1988 sí 2004, ATM dín káṣíà inú ẹ̀ka báńkì ìlú ńlá kù láti nǹkan bíi 20 sí 13. Ṣíṣí ẹ̀ka wá dínwó, ẹ̀ka sì fi ohun tó ju ìdá 40 nínú 100 lọ pọ̀ sí i, iye káṣíà lápapọ̀ kò sì wálẹ̀. Lẹ́yìn 2010 ni báńkì orí fóònù wá ń dín wọn kù, mo gbà.

Owó ni kò pín dọ́gba. Ẹlẹ́rọ ń gbowó lórí àpò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ gààrí yan náà níyì: iná pọ̀jù, ó jó, iná kéré, ó rọ̀, á sì bu. Àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ ló ń gba kékeré. Ẹ̀rọ tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ wà o, àmọ́ ẹ̀gẹ́ rí gbágungbàgun, ẹ̀rọ á họ ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo níhìn-ín, á fi èèpo sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ọ̀bẹ ni wọ́n á tún fi parí ẹ̀. Ẹ̀rọ kò gba iṣẹ́ wọn. Owó wọn kéré nítorí pé ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀bẹ lè wá jókòó tì wọ́n.