Àtúnṣe: Orúnkún Lucy kò ti ibòmíràn wá

Wọ́n ń pín in kiri pé orúnkún Lucy, egungun ẹ̀dá àtijọ́ kan tó jọ ènìyàn, tí wọ́n rí ní Hadar ní Etiópíà, jìnnà sí ìyókù ara rẹ̀ ju kìlómítà 2 lọ, pé ńṣe ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúnkún méjì ni wọ́n pò pọ̀. Ti 1973, tí Donald Johanson, onímọ̀ nípa egungun àtijọ́, kọ́kọ́ rí, ti ẹlòmíràn ni. AL 129-1 ni nọ́ńbà rẹ̀. Ní 1974 ni wọ́n tó rí Lucy, AL 288-1. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹfolúṣọ̀n, ẹ̀kọ́ pé ohun alààyè ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, jà, kó jà, àmọ́ kó má fi orúnkún olórúnkún jà. Lucy ní tirẹ̀: ìsàlẹ̀ egungun itan òsì àti òkè egungun ojúgun ọ̀tún. Itan náà dà sínú díẹ̀ lápá orúnkún, bíi tàwa tí à ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn gan-an.