Spirit level kọ́ ló ń mú kí lathe gé ọ̀pá gún

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra lathe kékeré, ẹ̀rọ tó ń yí ọ̀pá irin kí ọ̀bẹ lè gé e, sílé ni pé kó lọ wá spirit level, irinṣẹ́ tí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń fi hàn bóyá nǹkan tẹ́jú. Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ tẹ́jú bí omi inú àwo, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́pà ni yóò máa gé: ọ̀pá tó yẹ kó rí bákan náà láti ìdí dé orí á tín-ín-rín lápá chuck (ẹnu tó di ọ̀pá mú), á sanra lápá tailstock (apá kejì, tó lè ti orí ọ̀pá), bẹ́ríìnì tó wọ ìdí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ kò sì ní wọ orí rẹ̀. Tẹ́pà ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tí wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù kọ́ ló jẹ̀bi.

Ẹ wo àwọn lathe oníkọ̀ǹpútà tó wà nílé iṣẹ́ ńláńlá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ìyẹn ara gígùn tí ọ̀bẹ ń rìn lórí rẹ̀, ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ọwọ́ ẹni tó ṣe é, ní ìwọ̀n dígírì 30, 45 tàbí 60, kí pàǹtí irin lè máa yọ̀ bọ́ sísàlẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ tó ń tibẹ̀ jáde péye dé ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà. Lathe wà nínú ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú, pàápàá èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi fi ń tún ọkọ̀ mìíràn ṣe. Ìgbì ń fì í sọ́tùn-ún sósì, ṣáfùtù ń jáde.

Ìdí ni pé ọ̀bẹ kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀dì tó ń gbé e lọ nìkan ló mọ̀. Bí ojú ọ̀nà yẹn bá bá ọ̀pá ẹnu chuck rìn lọ́gbọọgba, ọ̀pá á gún, kódà bí gbogbo ẹ̀rọ náà bá fì síwájú bí òrùlé. Ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni kí bẹ́ẹ̀dì lọ́, bí ìgbà tí èèyàn méjì di etí aṣọ tútù mú tí wọ́n ń fún un. Apá headstock, àpótí tó ń yí chuck, á dúró síbi tó wà, apá tailstock á yí díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn, ọ̀bẹ á wá máa sún mọ́ ọ̀pá tàbí kó máa jìnnà sí i bó ṣe ń rìn.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní láti orí bẹ́ẹ̀dì dé àárín chuck jẹ́ 125 mm, tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì fi 150 mm jìnnà síra. Bí ẹsẹ̀ iwájú lápá tailstock bá fi 0.1 mm péré lọ sílẹ̀, ìyẹn bí ìnípọn ewé ìwé kan, ẹnu ọ̀bẹ á ti sún sọ́dọ̀ ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní nǹkan bíi 0.083 mm nígbà tó bá fi dé ìpẹ̀kun bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀pá á sì fi nǹkan bíi 0.17 mm sanra jù níbẹ̀, torí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ti ń sanra. Ẹ wá gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè ní 10 mm lẹ́ẹ̀kan náà. Tẹ́pà kankan kò ní yọjú.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ dúró ni pé level àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó ń fi 0.02 mm hàn nínú mítà kan, ń wo àrùn náà sàn. Wọ́n á gbé e dábùú bẹ́ẹ̀dì lẹ́bàá chuck, wọ́n á tún gbé e dábùú lápá tailstock, wọ́n á sì máa tún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ yóò fi dúró sójú kan náà níbi méjèèjì. Kí ibi méjèèjì bára mu yẹn ló ń ṣiṣẹ́. Bí afẹ́fẹ́ náà bá wà láàárín tàbí kò sí láàárín, kò kan ọ̀bẹ. Èyí tí bíríkìlà ń lò ńkọ́? 0.5 mm nínú mítà kan ni ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ lè rí. Lórí bẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ ní 150 mm, ìyẹn ti di 0.075 mm kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tó mira. Ẹ dá a padà fún bíríkìlà.

Ọ̀pá irin fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tó dájú jù. Ẹ wá èyí tó nípọn tó 40 mm, ẹ dì í mọ́ chuck kó yọ 150 mm síta, ẹ má fi tailstock tì í. Ẹ gé ara rẹ̀ wọlé díẹ̀ kó ku òrùka mẹ́ta: ọ̀kan lẹ́bàá chuck, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan ní ìparí orí ọ̀pá. Ẹ má ṣe mú ọ̀pá 25 mm nítorí pé òun ló wà nílẹ̀. 40 mm le jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ààbọ̀. Bí ọ̀bẹ bá fi agbára 50 N, ìyẹn bí ẹrù kílò márùn-ún, ti orí ọ̀pá 25 mm yẹn, á tẹ̀ sẹ́yìn ní 0.015 mm, orí rẹ̀ á fi 0.03 mm sanra jù, ẹ ó sì máa tún ẹsẹ̀ lathe tí kò ṣe nǹkan kan ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀bẹ HSS (irin líle tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀bẹ) tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n ni kí ẹ lò. Carbide, ọ̀bẹ tó tún le jù ú lọ, kò fẹ́ràn gígé fẹ́ẹ́rẹ́. Ó máa ń fara ra irin ni, tí á sì máa tì í sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yí lásán fún ogún ìṣẹ́jú kí headstock lè gbóná. Lẹ́yìn náà, kí chuck yí ní nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, kí ọ̀bẹ wọlé ní 0.1 mm, kó máa fi 0.05 mm rìn nígbà kọ̀ọ̀kan tí chuck bá yí, kó sì kọjá lórí òrùka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìsí pé ẹ fọwọ́ kan cross-slide, apá tó ń sún ọ̀bẹ wọlé tàbí síta. Ẹ dúró kí irin tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: ọ̀pá 40 mm tó bá fi 20°C gbóná jù á fi nǹkan bíi 0.01 mm tóbi jù. Micrometer, irinṣẹ́ tó ń wọn ìdá ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n o; vernier, irinṣẹ́ ìwọ̀n tí kò péye tó o, kò tó iṣẹ́ yìí.

Bí òrùka orí bá sanra ju ti ẹ̀bá chuck lọ, ẹsẹ̀ iwájú lápá tailstock ni kí ẹ gbé sókè. Bó bá tín-ín-rín jù, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ká ní ìyàtọ̀ jẹ́ 0.05 mm láàárín òrùka tó fi 120 mm jìnnà síra, tí ẹsẹ̀ apá chuck àti ẹsẹ̀ apá tailstock sì fi 600 mm jìnnà síra. 0.05 lọ́nà 600, ká fi 120 pín in, jẹ́ 0.25, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 0.125, ká fi 150 sọ ọ́ di púpọ̀, ká fi 125 pín in, ó di 0.15 mm, ìyẹn ìwọ̀n tí ẹ ó gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Ìdajì èyí ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ara agolo mínírà tí ẹ gé pẹlẹbẹ jẹ́ nǹkan bíi 0.1 mm, ó sì wúlò dáadáa bíi shim, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tì sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ, fún ìdánwò. Ẹ di bóòtù tó de ẹ̀rọ mọ́ tábìlì padà, ẹ tún òrùka gé, ẹ tún un wọ̀n. Nígbà tí ìyàtọ̀ bá ti wálẹ̀ sí 0.01 mm, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí òrùka àárín bá sanra ju méjèèjì lọ, tàbí tó tín-ín-rín jù wọ́n lọ, lílò ti jẹ ojú bẹ́ẹ̀dì nìyẹn, shim kankan kò lè wò ó. Bí ó bá sì gé gún nígbà tí bóòtù rọ̀, tó wá gé tẹ́pà lẹ́yìn tí ẹ fún bóòtù, tábìlì ló ń lọ́ ọ. Tábìlì onígi burú jù fún èyí. Ọ̀rinrin òjò á mú un wú, ọyẹ́ á mú un sún kì, ẹ̀rọ tó gé gún lóṣù kẹjọ á sì máa ṣe ségesège lóṣù kìíní.

Ẹni tó bá fi tailstock ti ọ̀pá kó tó ṣe ìdánwò yìí ti da ẹjọ́ méjì pọ̀. Ẹ tún bẹ́ẹ̀dì ṣe tán ná. Bí ọ̀pá gígùn tí tailstock tì bá wá sanra lápá ibẹ̀, ẹ sún tailstock sọ́dọ̀ ara yín ní ìdajì ìyàtọ̀ náà.

Iṣẹ́ kan wà tí spirit level bíríkìlà lè ṣe lára lathe ṣá o. Bí headstock yín bá jẹ́ èyí tó ń mu òróró, tó sì ní gíláàsì tí wọ́n fi ń wò ó, ẹ̀rọ tó bá fì á mú kí gíláàsì yẹn parọ́: òróró á dà bí ẹni pé ó kún, nígbà tí gíà lápá kejì ń yí lórí gbígbẹ.