Ẹ Gbé Ìwé Ìṣirò Yẹn Kúrò Níwájú Mi

Ó ti sú mi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́fà ló kù kí sáà yìí parí, ipò 18 la wà lórí tábìlì, pọ́ìntì 27 la ní, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 17 ti ní 31, ẹgbẹ́ mẹ́ta ló sì máa já bọ́. Láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí wọ́n ti tún lù wá, ìṣirò ni gbogbo èèyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi. "Tí a bá na àwọn tibí, tí a bá gbá ọ̀mì pẹ̀lú àwọn tọ̀hún, tí àwọn tó wà níwájú wa bá pàdánù mẹ́rin..." Tí a bá, tí a bá, tí a bá. Ta la fẹ́ nà? Ta la ti nà láti oṣù méjì sẹ́yìn tí a fi ń ka ìṣẹ́gun tí kò tíì wáyé mọ́ ohun ìní wa?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló fi èyí tó dùn mí jù ránṣẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àwọn ló mú mi mọ ẹgbẹ́ yìí nígbà tí mi ò tíì lè so okùn bàtà fúnra mi. Wọ́n jókòó, wọ́n fa ilà sórí ìwé, wọ́n to ẹgbẹ́ márùn-ún ìsàlẹ̀ sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ èsì síwájú gbogbo eré tó kù, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n fi ránṣẹ́. Nínú ìwé wọn, a borí lẹ́ẹ̀mẹta, a gbá ọ̀mì kan, a parí sí pọ́ìntì 37, a sì yọ. Mo wo fọ́tò yẹn títí ojú fi ń ta mí. Ìṣẹ́gun mẹ́ta nínú eré mẹ́fà, fún ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé ìṣẹ́gun mẹ́fà péré ló rí nínú eré 32! Mo pè wọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ ti rí ìṣẹ́gun mẹ́ta yìí?" Wọ́n ní, "Àbúrò, èèyàn ò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ìrètí kọ́ ló wà nínú ìwé yẹn. Nínú gbogbo èsì tí wọ́n kọ síbẹ̀, mélòó ló wà lọ́wọ́ wa? Mẹ́fà. Gbogbo ìyókù, ẹlẹ́gbẹ́ẹlẹ́gbẹ́ ló máa bá wa pàdánù rẹ̀. Ohun tó ń gbóná lọ́kàn mi gan-an nìyẹn: a ti di alágbe. Ẹnu ọ̀nà ilé onílé la wà, à ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹsẹ̀ àwọn tí kò ṣẹ̀ wá yẹ̀ kí àwa lè rí ibi dúró.

Ní alẹ́ Fúráìdè, èmi àgbàlagbà fò sókè, mo pariwo gólì fún ẹgbẹ́ tí mi ò fẹ́ràn rí láti kékeré, torí pé àwọn tó wà níwájú wa ni wọ́n gbá a sí nílé. Àwọn yẹn pàdánù lóòótọ́. Àǹfààní tí à ń gbàdúrà fún dé, ó kan ilẹ̀kùn. Tí a bá borí ní Sátidé, pọ́ìntì kan péré ló máa wà láàárín wa. Àwa wá jáde lọ́jọ́ kejì, nílé wa, lójú àwọn èèyàn wa, ìṣẹ́jú 88, òdo sí òdo, wọ́n fún wọn ní kọ́nà. Ẹni tó ga jù nínú ẹgbẹ́ wọn ń rìn bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń rìn jẹ́jẹ́, gbogbo wa ń wò ó, gbogbo wa ń nàka sí i. Kò sẹ́ni tó dúró tì í. Àwọn adènà ẹ̀yìn wa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wo bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé wa jáde dé ìdajì ọ̀nà, ó tún padà. Ọkùnrin yẹn ò tilẹ̀ fò. Ó kàn gbé orí síbẹ̀ ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé oríire ò sí lọ́dọ̀ wa. Gólì kejìlá nìyẹn tí wọ́n ń gbá sílé wa láti kọ́nà àti frii-kíìkì lọ́dún yìí. Mo kà á. Bí mo ṣe ń kà á ni ẹ̀rù ń bà mí, torí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìlá, ẹnì kan ló yẹ kó ti jí ní àárọ̀ Mọ́ńdè lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta kó sọ pé àwa ò níí kúrò lórí pápá ìdánrawò lónìí títí èyí á fi yanjú.

Àwọn kan á tún wá pẹ̀lú 40. Wọ́n á ní ẹni tó bá ti ní pọ́ìntì 40 ti bọ́. Ta ló fi 40 ṣe òfin? Ní England, West Ham ní 42 ní sáà 2002 sí 2003, wọ́n já bọ́, pẹ̀lú àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Joe Cole, Carrick àti Defoe nínú ẹgbẹ́ kan náà. Nottingham Forest ní 32 péré ní 2024, lẹ́yìn tí wọ́n yọ pọ́ìntì mẹ́rin kúrò lára tiwọn, wọn ò sì já bọ́. Iye tó máa gba èèyàn là, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀, ọdún sí ọdún ni.

Tí a bá ti sọ bẹ́ẹ̀, West Brom ni wọ́n á gbé jáde. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ West Brom dáadáa, torí mo rántí ọdún yẹn, Kanu Nwankwo wà lára wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà nígbà Kérésìmesì 2004. Àárọ̀ ọjọ́ ìparí, 15 oṣù Karùn-ún 2005, ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ṣì wà. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ló lè yọ lọ́jọ́ yẹn, àyè kan ṣoṣo ló sì wà. Norwich lọ sọ́dọ̀ Fulham, Fulham gbá mẹ́fà sí wọn nílé. Southampton pàdánù. Crystal Palace gbá ọ̀mì. West Brom nìkan ló borí eré tirẹ̀, 2 sí 0 lórí Portsmouth, pọ́ìntì 34 ló sì gbà wọ́n là. Ohun tí ẹ ń fò dá nínú ìtàn yẹn nìyẹn! Lóòótọ́, àwọn yòókù ṣubú. Ṣùgbọ́n ká ní West Brom jókòó pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́ ni, ìṣubú àwọn yẹn ò bá má wúlò fún wọn rárá.

Leicester náà ńkọ́? Ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n wà fún oṣù mẹ́rin àti ààbọ̀ ní sáà 2014 sí 2015. Nínú eré mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn, méje ni wọ́n borí, wọ́n gbá ọ̀mì kan, pọ́ìntì 22 nínú 27. Ẹ bá mi wá ibi tí àwa ti ṣe ohun tó jọ bẹ́ẹ̀. Kí n rí ìṣẹ́gun méjì tẹ̀léra wọn, ẹyọ ẹ̀ẹ̀kan, màá bá yín mú bíírò.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wa (ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́dún yìí, èkejì ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ) fẹ́ràn láti máa sọ pé ọ̀mì tí a gbá lájò "ṣe pàtàkì". Ọ̀mì mẹ́sàn-án la ti gbá. Ọjọ́ kan mo jókòó, mo rò ó. England ti sọ ìṣẹ́gun di pọ́ìntì mẹ́ta láti 1981, gbogbo ayé sì ti tẹ̀lé wọn. Ìyẹn ni pé tí a bá ti jáde lọ gbá bọ́ọ̀lù nínú eré mẹ́sàn-án yẹn, ká tiẹ̀ pàdánù márùn-ún níbẹ̀, ká borí mẹ́rin, pọ́ìntì 12 la máa ní dípò 9. À bá ti ní 30 báyìí. Ẹ̀rù ni wọ́n fi gbá ọ̀mì yẹn. Ìṣẹ́jú 60 á pé, wọ́n á yọ agbábọ́ọ̀lù iwájú, wọ́n á fi adènà ẹ̀yìn kún adènà ẹ̀yìn, gbogbo wa á wá máa wo aago. Ẹni tó ń wo aago láti ìṣẹ́jú 60 ń pe wàhálà sí ara rẹ̀, wàhálà náà sì ń jẹ́ ìpè ní ìṣẹ́jú 88.

Ohun mìíràn rèé tí mi ò lè dárí jì wọ́n. Lóṣù tó kọjá, wọ́n gbá mẹ́rin sí wa nílé kí ìṣẹ́jú 70 tó pé. Àwọn ọmọ wa bá dẹwọ́. Wọ́n ń rìn. Balógun ẹgbẹ́ ń rìn! Mẹ́rin di mẹ́fà. Nígbà tí eré parí, ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní kò burú, bí wọ́n bá ti nà ọ́, wọ́n ti nà ọ́ náà ni, kí ni ìyàtọ̀ mẹ́rin àti mẹ́fà? Ìyàtọ̀ ńlá ni, ọ̀rẹ́ mi. Ní 2007, Sheffield United àti Wigan parí sí pọ́ìntì 38 kan náà. Ìyàtọ̀ gólì Wigan (gólì tí wọ́n gbá wọlé, ká yọ èyí tí wọ́n gbá sí wọn kúrò) jẹ́ 22 lábẹ́ òdo, ti Sheffield United jẹ́ 23. Gólì kan ló já Sheffield United bọ́! Ọjọ́ ìparí sáà ni àwọn méjèèjì pàdé, Wigan borí 2 sí 1, pẹnárítì David Unsworth ló sì pa wọ́n, ẹni tó kúrò lọ́dọ̀ Sheffield United lóṣù Kìíní ọdún yẹn gan-an. Nínú gbogbo gólì tí wọ́n gbá sílé Sheffield United lọ́dún yẹn, méjì péré tí ẹnì kan ì bá sáré dènà, lọ́jọ́ tí ó rò pé eré ti bàjẹ́ tán, ni ì bá gbà wọ́n. Nítorí náà, ẹni tó bá rí agbábọ́ọ̀lù wa tó ń rìn nígbà tí wọ́n ń nà wá mẹ́rin, kó má sọ fún mi pé kò sí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú tí wọ́n rà lóṣù Kìíní, ẹ jẹ́ kí n fò ó. Gólì kan. Ẹ jẹ́ kí n fò ó.

Ṣùgbọ́n mi ò níí fo ọ̀rọ̀ àwọn tó ni ẹgbẹ́ yìí. Lọ́dún tó kọjá, ọjọ́ ìparí la yọ, torí pé ẹlòmíràn pàdánù. Àwa gan-an ò borí lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n máa lọ jókòó, wọ́n máa ronú pé ikú ló kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí o. Rárá. Wọ́n ṣe ayẹyẹ. Wọ́n kọ lẹ́tà sí àwa alátìlẹ́yìn pé a ti "dúró gbọin". Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ilé tí wọ́n fitọ́ mọ, ìrì ló máa wó o.

Ẹ lọ wo Hamburg ní Jámánì. Láti 1963 tí Bundesliga, líìgì àgbà ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2018, wọn ò já bọ́ rí, àwọn nìkan ló lè sọ bẹ́ẹ̀ nígbà náà, wọ́n sì gbé aago ńlá kan sínú pápá wọn tó ń ka iye ọdún àti ọjọ́ tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ní 2014, pọ́ìntì 27 ni wọ́n ní nínú eré 34. Wọ́n bá Greuther Fürth gbá eré méjì tó ń pinnu ẹni tó máa já bọ́, ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì, gólì tí wọ́n gbá lájò ló yọ wọ́n. Ní 2015, nínú irú eré kan náà, Karlsruhe ti mú wọn mọ́lẹ̀, wọ́n ti wọ àfikún àsìkò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 90 kí frii-kíìkì kan tó yọ wọ́n. Aago ń ka lọ. Ní 2018, ọjọ́ ìparí, wọ́n borí eré tiwọn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, wọ́n borí! Ṣùgbọ́n ó kù kí Wolfsburg pàdánù, Wolfsburg sì gbá mẹ́rin sílé Köln. Ó parí. Ọdún méje gbáko ni wọ́n lò nísàlẹ̀ kí wọ́n tó padà gòkè ní 2025. Ẹgbẹ́ tó ti gba ife ẹ̀yẹ Yúróòpù rí ni mo ń sọ o, kì í ṣe irú tiwa.

Nígbà tí ó bá sì ṣẹlẹ̀ sí wa, àwọn wo ló máa jìyà rẹ̀? Àwọn agbábọ́ọ̀lù á rí ẹgbẹ́ mìíràn kí oṣù Kẹjọ tó pé. Akọ́nimọ̀ọ́gbá á gba owó ìdádúró rẹ̀. Owó tẹlifíṣọ̀n á wálẹ̀, wọ́n á wá máa dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró: obìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń gé koríko, àwọn tó ń fọ jẹ́sì. Àwọn yẹn ò fi kọ́nà kankan sílẹ̀ láìṣọ́.

Ní Sátidé tó ń bọ̀, ẹgbẹ́ tó wà ní ipò 16 là ń lọ bá nílé wọn. Màá wà níbẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ti sọ fún wọn kí wọ́n fi ìwé yẹn sílé. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa fóònù wọn títí fèrè ìparí á fi dún, kí wọ́n má sọ fún mi pé àwọn tọ̀hún ti gbá kan tàbí wọ́n ti gbá kan sí wọn. Kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fún wọn ni mo fẹ́ wò, kí n rí i bóyá ẹnì kan máa dúró ti ẹni tó ga jù nínú wọn.