Owó Gbogbo Wa Ni Wọ́n Fi Kọ́ Pápá Yẹn, Ẹ Jẹ́ Kí Bọ́ọ̀lù Àti Rọ́gíbì Jọ Lò Ó

Ẹni tó bá mọ ìlú Cork ní Ireland dáadáa á mọ̀ pé lápá gúúsù ìlú yẹn nìkan, pápá ìṣeré ńlá mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Turners Cross rèé fún kíláàbù bọ́ọ̀lù Cork City, bíi 7,000 èèyàn ló ń gbà. Téèyàn bá rìn díẹ̀ sí i, ó ti dé Musgrave Park, ibẹ̀ làwọn Munster ti ń gbá rọ́gíbì, ìyẹn náà ò ju bíi 8,000 lọ. Páirc Uí Chaoimh wá rèé, ti GAA nìyẹn, àwọn tó ń ṣàkóso hurling àti Gaelic football tó jẹ́ eré ìbílẹ̀ Ireland, òun ń gba 45,000. Pápá mẹ́ta, onílé mẹ́ta, iná ńlá lọ́tọ̀, ẹni tó ń gé koríko lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún ni géètì máa ń wà ní títì pa. Tó bá wá di pé kí wọ́n tún un ṣe, ọ̀dọ̀ ìjọba kan náà ní Dublin ni gbogbo wọn ń na ọwọ́ sí.

Ohun táwa ń sọ nìyí, a ò ní fepo bọyọ̀: ìjọba Ireland ò gbọ́dọ̀ tún fún kíláàbù bọ́ọ̀lù tàbí ti rọ́gíbì kankan lówó ńlá láti fi kọ́ pápá, àfi tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sínú ìwé pé eré kejì máa ní ọjọ́ tiẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe ìlérí ẹnu o. Ìwé tí lọ́yà fọwọ́ sí là ń wí, tó sọ iye ọjọ́, tó sọ iye owó rẹ́ǹtì, tó sọ ẹni tó máa tún koríko ṣe tó bá bàjẹ́.

Kí ló dé tá a fi ń pariwo ìwé? Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Liam Miller. Ọmọ Cork ni, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Celtic, fún Manchester United, fún Ireland fúnra ẹ̀, jẹjẹrẹ ló pa á ní February 2018, ọmọ ọdún 36 péré. Àwọn èèyàn ní káwọn gbá bọ́ọ̀lù ìrántí kan kówó tó bá wọlé lè kan ìdílé ẹ̀, Turners Cross ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ lò, àmọ́ kíá ni tíkẹ́ẹ̀tì tán, ni wọ́n bá ní ó yá ká gbé e lọ sí Páirc Uí Chaoimh. GAA ní rárá, òfin àwọn ò gbà á. Bẹ́ẹ̀ €30 mílíọ̀nù nìjọba kó sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń tún pápá yẹn kọ́! Ariwo ta, àwọn olóṣèlú dá sí i, gbogbo rédíò ń sọ ọ́, ìgbà tí ojú fẹ́ máa tì wọ́n ni wọ́n tó gbà. Ní September ọdún yẹn pápá náà kún fọ́fọ́, ogunlọ́gọ̀ èèyàn, kò sí nǹkan tó bàjẹ́. Àmọ́ kí ni wọ́n ì bá ṣe ká ní kò sẹ́ni tó kú? Nígbà tó yá làwọn Munster náà wá gbá South Africa A níbẹ̀ ní November 2022, ó lé ní 41,000 èèyàn tó wá wò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni GAA ti Cork jẹ gbèsè rẹpẹtẹ látàrí iṣẹ́ pápá yẹn, owó rẹ́ǹtì yìí gan-an ni wọ́n nílò.

Ká má parọ́ mọ́ GAA ṣá o, wọ́n nídìí tiwọn. Ní November 21, 1920, àwọn agbófinró Gẹ̀ẹ́sì wọ Croke Park, pápá GAA ní Dublin, níbi táwọn èèyàn ti ń wo eré, wọ́n yìnbọn, èèyàn 14 ló kú, Michael Hogan tó wà lórí pápá pẹ̀lú wọn, orúkọ ẹ̀ ló wà lára Hogan Stand, apá ìjókòó kan níbẹ̀, títí dòní. Ẹni tírú ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní tètè ṣílẹ̀kùn fún eré tó tọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àmọ́ wọ́n wá ṣe é débi tó kọjá ààlà, lọ́dún 1938 wọ́n yọ Douglas Hyde kúrò nípò baba ìsàlẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, ààrẹ orílẹ̀-èdè ni o, nítorí pé ó lọ wo bọ́ọ̀lù Ireland àti Poland ní Dalymount Park. Bọ́ọ̀lù lásán tó lọ wò! Títí di 1971 ni wọ́n fi ń ka irú ẹ̀ léèwọ̀ fáwọn ọmọ ẹgbẹ́.

Ọdún 2005 ni nǹkan yí padà, wọ́n dìbò, 227 ní bẹ́ẹ̀ ni, 97 ní bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ní bọ́ọ̀lù àti rọ́gíbì lè wá sí Croke Park fúngbà díẹ̀ torí pé wọ́n fẹ́ wó Lansdowne Road, pápá tí bọ́ọ̀lù àti rọ́gíbì Ireland ń lò ní Dublin, kí wọ́n tún un kọ́. February 24, 2007, England wá gbá rọ́gíbì níbẹ̀, gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù pé tí wọ́n bá kọ orin orílẹ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú pápá yẹn wàhálà máa bẹ́, wọ́n kọ ọ́, gbogbo èèyàn dákẹ́ wọ́n ń gbọ́, lẹ́yìn ìyẹn Ireland wá fi 43 sí 13 nà wọ́n. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni bọ́ọ̀lù náà wọlé, Ireland na Wales 1 sí 0. Tí Croke Park lè ṣí, géètì wo ló kù tí kò lè ṣí?

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, torí ibẹ̀ làwọn olóṣèlú ti máa ń da nǹkan rú. Pápá bọ́ọ̀lù jẹ́ mítà 105 ní gígùn àti 68 ní fífẹ̀. Ti rọ́gíbì jẹ́ 100 ní gígùn, ó lè fẹ̀ tó 70, àfi àyè díẹ̀ lẹ́yìn òpó níbi tí wọ́n ti ń fi bọ́ọ̀lù kanlẹ̀. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì. Àmọ́ ti Gaelic ń lọ láti 130 dé 145, fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 80 sí 90. Èyí túmọ̀ sí pé eré kékeré lè wọnú pápá GAA, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí pápá kékeré gba Gaelic, ìjókòó lẹ máa hú kúrò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tallaght, lẹ́bàá Dublin, gan-an nìyẹn. Kíláàbù bọ́ọ̀lù Shamrock Rovers ò nílé látìgbà tí wọ́n ti ta Glenmalure Park mọ́ wọn lórí lọ́dún 1987, wọ́n ń rẹ́ǹtì kiri, kódà wọ́n gbé ní pápá RDS ní Dublin fún bí ọdún mélòó kan, ibẹ̀ ni wọ́n wà nígbà tí wọ́n gba líìgì 1994, ibi táwọn ẹṣin ti máa ń fò nínú oṣù August tí Leinster sì wá sọ dilé rọ́gíbì lẹ́yìn náà. Owó tán lórí pápá Tallaght tí wọ́n ń kọ́, kánsù South Dublin gbà á. Ni Thomas Davis, kíláàbù GAA àdúgbò, bá lọ sí kóòtù pé àfi kí pápá náà gba Gaelic. Kóòtù dá wọn lẹ́bi ní December 2007. Lójú tiwa, wọn ò ṣẹ̀ bí wọ́n ṣe béèrè, owó ìlú ni, ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè, àmọ́ ohun tí wọ́n béèrè ì bá ba pápá náà jẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ó ṣí ní March 2009, oṣù July ọdún yẹn Ronaldo wọ jẹ́ẹ̀sì Real Madrid fún ìgbà àkọ́kọ́ níbẹ̀, ní Tallaght o!

Ohun tó jẹ́ ká fẹ́ràn Tallaght ni pé kánsù ló ni ín. Rovers jẹ́ ayálégbé, ayálégbé pàtàkì ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í ṣe onílé. Ìdí nìyẹn tí tíìmù obìnrin Ireland fi ń gbá níbẹ̀, tí Dundalk fi ráyè gbá Maccabi Tel Aviv níbẹ̀ nínú Europa League 2016 tí wọ́n sì nà wọ́n. Onílé tí kì í ṣe kíláàbù ò ní sọ pé ọ̀tá mi ò gbọ́dọ̀ wọlé mi.

Àwọn kan á ní ṣebí wọ́n ti gbìyànjú jíjọ lo pápá tí kò sì ṣiṣẹ́. Òótọ́ ni. Kánsù Dublin ra Dalymount lọ́dún 2015 ní €3.8 mílíọ̀nù, wọ́n ní Bohemians àti Shelbourne máa jọ gbé ibẹ̀, kí wọ́n wá ta Tolka Park tí Shelbourne ń lò. Àwọn fáànù Shelbourne fárígá, wọ́n jà títí kánsù fi gbà pé kí wọ́n dúró sí Tolka, wọ́n sì gba líìgì 2024 nígbà tí wọ́n ṣì ń lo ibẹ̀ pàápàá, ta ló fẹ́ bá wọn jiyàn? Àwa ò bá wọn wí. Kíláàbù méjì tó wà nínú líìgì kan náà, tó ń gbá lálẹ́ Friday kan náà, tí wọ́n kórìíra ara wọn láti ọgọ́rùn-ún ọdún, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n jọ sùn nínú yàrá kan ìjà lẹ ń wá. Bọ́ọ̀lù pẹ̀lú rọ́gíbì ló bára mu, torí pé láti 2003 ni líìgì Ireland ti ń bẹ̀rẹ̀ nígbà ìrúwé tó sì ń parí kí Kérésì tó dé, rọ́gíbì ní tiẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní September tó ń lọ títí di May. Ìgbà tí ọ̀kan bá ń sinmi ni èkejì ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ti pàdé ò pọ̀.

Limerick wá ńkọ́? Limerick FC tó jẹ́ kíláàbù bọ́ọ̀lù lo Thomond Park, pápá rọ́gíbì ti Munster, lọ́dún 2013 àti 2014, àmọ́ pápá tó gba 25,600 ni, èrò wọn ò sì pọ̀, ó wá dà bíi pé ìdílé kan jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá lọ́jọ́ ìsìnmi. Kì í ṣe jíjọ lò ló kùnà níbẹ̀, ìwọ̀n pápá ni. Ohun tí Ireland nílò ni pápá tó gba 8,000 sí 12,000. Lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, kí wọ́n háyà ilé ńlá, bí Bohemians àti Rovers ṣe ṣe ní Aviva, pápá tí wọ́n kọ́ sípò Lansdowne Road, ní February 2025 tí 33,208 èèyàn wá, bí kíláàbù rọ́gíbì Connacht ṣe gbé Munster lọ sí pápá GAA ní Castlebar lóṣù tó tẹ̀ lé e tí èrò lé ní 27,000.

A ò ní fi Aviva sílẹ̀ láìsọ tiẹ̀, torí ẹ̀kọ́ owó wà níbẹ̀. €410 mílíọ̀nù ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìjọba san €191 mílíọ̀nù, IRFU tó ń ṣàkóso rọ́gíbì àti FAI tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù jọ ni ín. Rọ́gíbì san tiẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. FAI ní tiwọn gbójú lé ìjókòó olówó ńlá ọdún mẹ́wàá, èyí tó wọ́n jù dé €32,000, September 2008 ni wọ́n gbé e sọ́jà, ìgbà tí báǹkì ń wó lulẹ̀ káàkiri ayé. Ta ló fẹ́ rà á? Gbèsè yẹn lé wọn títí di January 2020 tíjọba fi wá gbà wọ́n sílẹ̀. Jíjọ ni nǹkan ò burú, àmọ́ kí ìjọba yẹ àpò alábàáṣe méjèèjì wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Ní apá Àríwá Ireland, tó wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ náà dùn wá ju gbogbo ẹ̀ lọ. Wọ́n ní káwọn kọ́ pápá kan ṣoṣo sí ilẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n Maze lẹ́bàá Lisburn, bọ́ọ̀lù, rọ́gíbì àti GAA jọ gbà bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn pátá! Àmọ́ ibẹ̀ làwọn ẹlẹ́wọ̀n IRA, ẹgbẹ́ tó gbé ìbọn ja ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ti febi pa ara wọn lọ́dún 1981, àwọn olóṣèlú bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí ilé ìrántí, àwọn fáànù bọ́ọ̀lù ní ó jìnnà sí Belfast, wọ́n dà á nù ní January 2009. Wọ́n wá pín owó fún mẹ́ta. Ravenhill ti rọ́gíbì parí ní 2014, Windsor Park ti bọ́ọ̀lù parí ní 2016. Casement Park ti GAA tì láti 2013, koríko hù bo ìjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìdíje bọ́ọ̀lù Euro 2028 tí wọ́n ní ó máa wá síbẹ̀ ti kọjá lọ lọ́wọ́ wọn.

Kí ló kàn wá nínú ẹ̀, àwa Yorùbá tó ń gbé Ireland? Àwọn ọmọ wa kún Tallaght àti Blanchardstown, owó orí tiwa náà wà nínú pápá wọ̀nyí. Niyi Adeolokun, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, Gaelic football ló kọ́kọ́ ń gbá ní Dublin kó tó di ẹni tó gbá rọ́gíbì fún Connacht, ó wà lára àwọn tó gba ife líìgì rọ́gíbì Pro12 ní 2016, ọdún yẹn náà ló gbá fún Ireland. Àwọn ọmọdé ń ti inú eré kan bọ́ sínú òmíràn láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ló ń ti géètì.

Àwáwí tó kù ni koríko. Lóòótọ́ rọ́gíbì máa ń hú ilẹ̀, níbi táwọn géńdé 16 bá ti ń tira wọn nínú ẹrẹ̀ ní January, bọ́ọ̀lù ò ní lè yí geerege níbẹ̀ ní February. Àmọ́ ní Galway, Connacht ti fi koríko àtọwọ́dá sí pápá tiwọn láti 2018, irú ẹ̀ náà ló wà ní Dundalk àti Derry tí wọ́n ti ń gbá líìgì, kò sí ẹrẹ̀ níbẹ̀. €20 mílíọ̀nù ìjọba ló sì wà nínú àtúnṣe pápá Connacht yẹn. Tipẹ́tipẹ́ tiẹ̀ ni ajá ti ń sáré ìje yí pápá náà ká, ajá gan-an ti bá wọn pín in. Galway United wà ní Eamonn Deacy Park nínú ìlú kan náà, bíi 5,000 èèyàn nibẹ̀ ń gbà. Kíjọba tó fún ẹnikẹ́ni ní Galway ní kọ́bọ̀ míì, kí wọ́n pe kíláàbù méjèèjì jókòó, kí wọ́n béèrè iye alẹ́ Friday tí United lè rí gbà nínú ọdún àti iye tí wọ́n máa san, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó di pé ṣẹ́ẹ̀kì jáde.