Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Yín Ti Kọjá, Oúnjẹ Ọmọ Dà?

Sáà tuntun ọdún 2024 wọlé, àwọn ọmọ padà síléèwé, ìkòkò oúnjẹ ni ò padà. Oṣù Kìíní ọdún náà ni Ààrẹ Tinubu dá ètò oúnjẹ iléèwé dúró pọ̀ mọ́ àwọn ètò ìrànwọ́ yòókù, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ 6 péré ni, kí àwọn fi yẹ ìwé owó wò. Gbogbo wa la mọ ohun tó fà á, ẹ̀sùn ìkówójẹ ni. Bí owó bá sọnù, kí wọ́n wá a jáde, kí wọ́n mú ẹni tó kó o, a fara mọ́ ọn. Ohun tí ò yé wa ni bó ṣe jẹ́ pé ọmọ pírámárì 1 tí ò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló wá ń fi ebi sanwó ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn oníròyìn wa yà síléèwé ìjọba kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Agogo lù, àwọn ọmọ tú jáde, ẹni tó lówó ra bíṣíkíìtì, ẹni tí ò ní jókòó sábẹ́ igi ó ń wo ẹnu ẹlòmíì. Ọmọbìnrin kan wà ní pírámárì 2, abọ́ oníke àti ṣíbí ṣì wà nínú báàgì ẹ̀. Tíṣà ẹ̀ ní ojoojúmọ́ ló ń gbé e wá, ọmọ náà ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún gbé oúnjẹ dé, òun ò fẹ́ kó bá òun láìní abọ́. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìn kíláàsì wọn ti gbẹ, aláǹtakùn ti ta sí i lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ páálí tó ní ká máa fi ọṣẹ fọwọ́ wà lára ògiri lókè ẹ̀ gan-an.

Kì í sì ṣe ọ̀rọ̀ ebi nìkan la ń sọ. Àwọn aláṣẹ yìí kan náà ló ń lọ sórí rédíò tí wọ́n ń sọ fún òbí pé kí ara ọmọ lágbára láti bá àrùn jà. Kí ni wọ́n rò pé ara fi ń jà? Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń dojú kọ àrùn, protein lara fi ń mọ wọ́n, inú ẹ̀wà ló wà, inú ẹyin, inú ẹja, inú wàrà táwọn ìyá Fúlàní ń kiri. Epo pupa àti ẹ̀fọ́ ló ní fítámì A tí awọ ọ̀fun àti ìfun fi ń di àrùn lọ́nà kó má ráyè wọlé, fítámì C sì wà nínú ọsàn àti mángòrò, mángòrò tó ń jẹrà sílẹ̀ lọ́dọọdún nílùú tiwa yìí tí ẹnikẹ́ni ò rò ó pé ká kó o lọ síléèwé, nígbà tí ìyá ọmọ ń yá owó ra sírọ́ọ̀pù torí ẹni tó ń polówó nínú mọ́tò ní ó ń lé gbogbo àìsàn. Sírọ́ọ̀pù ò lè dípò àwo ẹ̀wà fọ́mọ tí ebi ń pa.

Aràn ńkọ́? Èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú wọn, àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí ò wọ bàtà ló ń gbà wọlé. Oògùn ẹ̀, albendazole 400mg, hóró kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì níbi tí aràn bá ti pọ̀ gan-an, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ tipẹ́. Hóró kan!

A ò ní sọ pé ìjọba ò ṣe nǹkan kan. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2024, abẹ́rẹ́ HPV, èyí tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, dé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, lọ́fẹ̀ẹ́, a kín in lẹ́yìn nígbà yẹn, a ṣì ń kín in lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kàn ń kọ́ ara bó ṣe máa jà ni, ara fúnra ẹ̀ ló máa ja ìjà náà, ara tí ò sì rí jẹ, agbára wo ló fẹ́ fi jà á?

Ẹ̀yin òbí náà, ẹ gbọ́ tiyín. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12, inú oorun yẹn lara ti ń tún ara ẹ̀ ṣe. A mọ̀ pé ọjà le, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ọmọ tó ń kiri ẹ̀pà ní Tákié ní aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ gbé e wálé.

Ohun tí a ti ń sọ látọjọ́ yìí náà la tún ń sọ: kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtàwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa yéé dúró de Àbújá. Nígbà tí ètò oúnjẹ iléèwé yẹn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016, ₦70 ni wọ́n ń ná lórí oúnjẹ ọmọ kan lóòjọ́, wọ́n padà sọ ọ́ di ₦100, pírámárì 1 sí 3 nìkan ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹyin kan ṣoṣo ti kọjá ₦100 lọ́jà wa báyìí, nítorí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ dá a padà lọ́la lówó àtijọ́, ẹ̀tàn ni. Ẹ fi ẹ̀wà àti ẹyin bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, títí dé pírámárì 6. Ẹ rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Oríire àti Súrùlérè tó wà nítòsí wa. Ẹ pín oògùn aràn. Ẹ tún ẹ̀rọ omi ṣe kẹ́ ẹ tó lẹ páálí mìíì mọ́ ògiri.

Ìpàdé ti tó gẹ́ẹ́! Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ẹ̀yin aláṣẹ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ẹ ò ṣèpàdé rí kẹ́ ẹ má jẹun níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tí iná máa padà sábẹ́ ìkòkò nínú yín, kó mú ọjọ́ náà wá, ojú ewé àkọ́kọ́ la máa gbé e sí.